Ìtọ̀ Ló Ń Pe Òùngbẹ: Ìtàn Àìsàn Kan Tí A Máa Ń Fi Ẹ̀bi Rẹ̀ Kan Ọmọdé

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ owó orí láyé ìjọba òyìnbó ni màá kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ṣàngótẹ̀dó níbí tó dá mi padà sínú ìwé, tó sì tún rán mi létí ohun kan tí mo ṣe nígbà ọ̀dọ́ mi, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣàngótẹ̀dó, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe rí lágbègbè wa. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, títì tó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́ la àárín kọjá. Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé mu kò pọ̀. Kànga ẹlòmíì, iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlòmíì, omi tó pọ́n bí ìpẹtà irin ló ń fà jáde. Pure water là ń rà fún mímu, mẹ́rúwà là ń pè fún ìyókù. Torí náà, tí ẹnì kan bá ń mu omi jù nínú ilé, gbogbo ilé ló máa mọ̀. Owó ni.

Ìdílé kan ń gbé ní yàrá méjì tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Ọmọ wọn ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo jáde láti ṣe alùwàlá, mo sì bá ọmọ yìí tó lóṣòó sídìí ògiri, ó ti ki ẹnu bútà mi bọ ẹnu, ó ń fa omi inú rẹ̀ mu gbùùgbùù. Ẹ̀rù bà á nígbà tó rí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi.”

Mo sọ fún màmá rẹ̀ ṣá o, ṣùgbọ́n mo fi ọgbọ́n sọ ọ́. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní, “Dádì, ẹ ẹ̀ mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ojoojúmọ́ ló ń tọ̀ sílé. Ọmọ tó tó báyìí! Mo ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ mumi mọ́ tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ti kó gbogbo pure water sí yàrá, mo sì tilẹ̀kùn pa. Kó má baà mu ún kó tún lọ tọ̀ ọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ni.”

Mi ò bá a wí. Bí ìyá mi náà ì bá ti ronú nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ yín náà yóò ṣe ronú nìyẹn. Ohun tó wọlé ló ń jáde. Dí ẹnu ọ̀nà ìwọlé, ìjáde yóò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí tó ti pẹ́ láyé ju bí a ṣe rò lọ. Ṣé nítorí pé ọmọ náà ń mu omi ló ṣe ń tọ̀ ni, àbí nítorí pé ó ń tọ̀ ló ṣe ń mu omi? Ìtàn ni mo fi ayé mi kọ́, mi ò kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ìtàn ìbéèrè yìí mo mọ̀ díẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ló sì máa sọ bóyá ká gba ife lọ́wọ́ ọmọ tàbí ká tún bu omíràn sí i.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún un

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn àgbà Yorùbá ní orúkọ kan: àtọ̀gbẹ. Ẹ tú u palẹ̀ bí a ṣe máa ń tú ọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Tọ̀ ni ẹni náà ń tọ̀, títí tó fi gbẹ. Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ dé, gbígbẹ tẹ̀ lé e. Ẹni tó sọ àìsàn yìí lórúkọ ti wo aláìsàn dáadáa, ó sì to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ kó tò ó. Kò pè é ní àmutọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ ọmọwé òyìnbó ló pẹ́ kí wọ́n tó gba bẹ́ẹ̀.

Orúkọ kejì tí a ní ni ìtọ̀ ṣúgà, èyí tó wọ ẹnu wa lẹ́yìn tí ṣúgà òyìnbó dé. Lóde òní, a máa ń lo méjèèjì bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Èmi gbà pé àṣìṣe ni, n ó sì padà wá síbẹ̀.

Àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì náà sọ ọ́ lórúkọ. Diabetes tí gbogbo ayé ń pè, inú èdè wọn ló ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tó ń là kọjá, bí omi ṣe ń gba inú ọ̀pá kọjá láìdúró. Dókítà kan tó ń jẹ́ Aretaeus, ará Kapadókíà, tó gbé ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ikú Jésù, kọ̀wé pé ńṣe ló dà bíi pé ẹran ara aláìsàn ń yọ́ di ìtọ̀. Ó tún kọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo ìyá ọmọ gbọ́: pé tí wọ́n bá fi omi du aláìsàn náà, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ara rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á máa jó o bí iná, ìtọ̀ náà kò sì ní tìtorí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Ọkùnrin yẹn ti rí i láti ìgbà náà. Ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún kan àtààbọ̀ kí ẹlòmíì tó fi ẹ̀rí kún un.

Àwọn oníṣègùn Íńdíà ìgbàanì ti ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń bo ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan. Àwọn àgbà tiwa náà mọ èyí. Mo rántí pé tí bàbá àgbà kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù ní àdúgbò wa, wọ́n á ní kó lọ tọ̀ sẹ́yìn ilé, wọ́n á wá lọ wo ibẹ̀ lówùúrọ̀ bóyá èèrà ti pé jọ. Ní 1674, Thomas Willis, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn yìí dùn bí oyin. Ẹ má bi mí bó ṣe mọ̀. Ní 1776, Matthew Dobson ti ìlú Liverpool gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tán. Ohun tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò jọ ṣúgà, ó sì dùn bíi ṣúgà.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan kù. Àwọn aláìsàn kan wà tí wọ́n ń tọ̀ bí ẹlẹ́yọ̀ yìí, tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n bíi tiwọn, tí èèrà kò sì wo ìtọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ìtọ̀ náà mọ́ lóló bí omi òjò, kò sì ní adùn kankan. Ní 1794, Johann Peter Frank, ọmọ Jámánì, là á sọ́tọ̀ gedegbe: àìsàn méjì ni. Ọ̀kan ń jẹ́ mellitus, ìyẹn olóyin. Èkejì ń jẹ́ insipidus, ìyẹn èyí tí kò ládùn. Ahọ́n àti èèrà ni wọ́n fi mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́jẹ́ kan náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Àṣìṣe orúkọ yẹn pa èèyàn lẹ́yìn ọ̀la.

Ibi tí ìṣòro wà

Èyí olóyin, ẹ mọ ìtàn rẹ̀. Ní 1921 sí 1922, wọ́n rí insulin ní Toronto ní Kánádà. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oṣuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn aláìsàn 832 ọmọ Nàìjíríà ní 1971, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan. Èyí tí kò ládùn ni ìtàn rẹ̀ ṣókùnkùn sí wa.

Ní 1895, George Oliver àti Edward Schäfer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú omi ara kan láti inú ẹṣẹ́ kékeré tó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Pituitary ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gún ẹranko ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ lọ sókè. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Schäfer àti Magnus tún un dán wò, wọ́n sì sọ pé ó máa ń mú kí ìtọ̀ pọ̀ sí i. Ìwé wọn jáde, gbogbo èèyàn gbà á gbọ́. Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà ni òótọ́! Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ọgbọ́n ìwádìí, ẹ rántí ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́: ẹ̀rí tó wà lórí ẹranko tí wọ́n ti fún lóògùn oorun kò tíì di ẹ̀rí lórí èèyàn tó lajú sílẹ̀.

Ní 1912, dókítà Jámánì kan tó ń jẹ́ Alfred Frank (kì í ṣe Frank ti ìṣáájú o) ṣàlàyé nípa ọkùnrin kan tí ọta ìbọn wọ orí rẹ̀, tó há sí ibi tí ẹṣẹ́ kékeré yìí wà gan-an. Ọkùnrin náà kò kú, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mumi, kò sì lè dá a dúró. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1913, Farini ní Ítálì àti von den Velden ní Jámánì, kálukú lọ́tọ̀, gún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ omi ara inú ẹṣẹ́ náà. Ìtọ̀ wálẹ̀. Òùngbẹ náà sì tẹ̀ lé e wálẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè wa nìyẹn. Wọn kò dí ẹnu ẹnikẹ́ni, wọn kò ti omi mọ́lé. Wọ́n tún ibi tí omi ń gbà jò ṣe, òùngbẹ sì lọ fúnra rẹ̀. Ìtọ̀ ló ń pe òùngbẹ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ara wa. Kíndìnrín wa dà bí asẹ́. Nǹkan bíi lítà 180 ni ó ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ara, lítà kan tàbí méjì péré ló ń jáde bí ìtọ̀. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ iye tó máa dá padà. Ní 1947, Ernest Verney ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ iṣẹ́ tó ti ṣe lórí ajá: tí iyọ̀ bá pọ̀ díẹ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, á sì rán họ́mọ̀nù kan jáde láti ibi pituitary. Vasopressin ni họ́mọ̀nù yẹn ń jẹ́. Ó máa wọ ẹ̀jẹ̀ lọ bá kíndìnrín, á ní, “Má jẹ́ kí omi lọ o.” Kíndìnrín á ṣí àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín sílẹ̀ kí omi lè padà sínú ara. Vincent du Vigneaud gba ẹ̀bùn Nobel ní 1955, iṣẹ́ tó ṣe lórí irú họ́mọ̀nù yìí sì wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún un. Peter Agre gba tirẹ̀ ní 2003 nítorí àwọn ilẹ̀kùn omi wọ̀nyẹn.

Ẹ wá wò ó: ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí lè gbà bàjẹ́. Bóyá ọpọlọ kò rán ìránṣẹ́, bíi ti ọkùnrin tí ọta ìbọn há sí lórí. Bóyá ìránṣẹ́ dé, kíndìnrín kò gbọ́. Àti 1884 ni Adolf Weil ti kọ nípa ìdílé kan ní Jámánì tí àìsàn yìí ń tọ̀ láti ìran dé ìran. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé nínú àwọn ìdílé kan, kíndìnrín ló di etí. Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, ẹni náà lè tọ̀ tó lítà mẹ́wàá lójúmọ́, kódà ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá rí omi mu, á gbẹ bí ewé ọyẹ́.

Kíndìnrín tó dití nílẹ̀ wa

Ẹ lè sọ pé, “Prof, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó mà ni gbogbo eléyìí.” Ẹ ní sùúrù. Ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn, a ní ohun kan tó jọ ọ́ tó sì wọ́pọ̀ láàárín wa, a kàn mọ̀ ọ́n sí nǹkan mìíràn ni.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni mò ń sọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní arọ́mọléegun, tí a ń mọ̀ tí àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù bá gbé SS jáde. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwa ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Tí AS bá fẹ́ AS, ọmọ SS lè yọjú. A mọ̀ pé ó ń fa ìrora eegun, a mọ̀ pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dín lára. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ohun tó ń ṣe fún omi ara.

James Herrick ní Chicago ló kọ́kọ́ kọ nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó tẹ̀ bí dòjé nínú ẹ̀jẹ̀, ní 1910. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tí Harvey Itano wà lára wọn, fi hàn pé láti ara hemoglobin ni àléébù náà ti wá. Ní 1956 ni Itano yìí kan náà, pẹ̀lú Keitel àti Thompson, wá kọ ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n fi omi du àwọn aláìsàn SS fún ìgbà díẹ̀, lójú dókítà o, kí wọ́n lè wo bóyá ìtọ̀ wọn á ki. Ìtọ̀ wa máa ń ki, àwọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n, tí a kò bá mumi, torí kíndìnrín ń fi omi pamọ́. Ti àwọn ọmọ yìí kò ki. Ara ń pa omi tì, ìtọ̀ ṣì ń mọ́ lóló. Wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jí pépé sí wọn lára, kíndìnrín àwọn ọmọdé tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Àwọn tó ti dàgbà nínú wọn, ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún wọn.

Kí ló dé? Inú kíndìnrín lọ́hùn-ún, níbi tí ó ti ń fa omi padà, iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì kéré nínú ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì dòjé ti máa ń tẹ̀ nìyẹn, á sì dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ibẹ̀. Ní 1970, Statius van Eps àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn iṣan tó yẹ kó pọ̀ bí irun níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nílé wa níbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinkugbe ti UCH Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957, kọ̀wé ní 1967 nípa ìbàjẹ́ kíndìnrín lára irú àwọn aláìsàn yìí.

Nítorí náà, ọpọlọ ọmọ SS ń rán vasopressin bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ibi tí ìránṣẹ́ náà ti fẹ́ ṣiṣẹ́ ti bàjẹ́. Ọmọ náà á máa tọ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ń tọ̀ sílé ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Apá tó burú jù rèé: tí omi bá dín nínú ara rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa náà á gbẹ, wọ́n á tẹ̀ sí i, wọ́n á dí iṣan, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Omi ni ààbò rẹ̀. Òun gan-an ni ohun tí a ń tì mọ́lé fún un kí bẹ́ẹ̀dì má baà rin.

Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn mi

Mo ní ohun kan wà tí mi ò sọ rí. Ní ọdún 1962, mo jẹ́ pírífẹ́ẹ̀tì ní ilé ìbùsùn ilé ìwé wa. Ọmọ kan wà ní Fọ́ọ̀mù Kìíní, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ó ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ó sì ń tọ̀ sílé. “Odò” la sọ ọ́. Láràárọ̀, òun ló ń ru ẹní rẹ̀ jáde gba àárín àwa yòókù kọjá, a ó sì máa kọrin fún un. Nílé tí mo ti wá, mo ti rí ibi tí wọ́n ti so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ìdí ọmọ tó ń tọ̀ sílé, kí ìtìjú lè wò ó sàn. Torí náà orin tiwa kò jọ ìkà lójú mi. Ìtọ́jú ni mo pè é.

Èmi ló wá dá ọgbọ́n kan. Mo gbé àmù omi wa sínú sítọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi okùn so kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mumi mọ́ lẹ́yìn ìwé kíkà alẹ́. Tíṣà tó ń bójú tó ilé yìn mí. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ní òru ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ẹsẹ̀ ń ro òun, pé kí wọ́n fún òun lómi. A rò pé ọgbọ́n ló ń dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè dìde. Wọ́n gbé e sọ́kọ̀, ó lọ sílé, kò padà wá mọ́. Kí sáà yẹn tó parí, a gbọ́ pé ó ti kú. Àwọn kan ní àbíkú ni.

Òpìtàn ni mí, mo mọ ibi tí ẹ̀rí mi parí sí. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé SS ni, mi ò sì lè sọ pé omi tí mo tì mọ́lé ló pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo kà lẹ́yìn ìgbà náà ń tọ́ka síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì wà lọ́rùn mi, kì í ṣe lọ́rùn ẹlòmíì. Ní 1962 yẹn, ìwé Itano ti pé ọdún mẹ́fà tó ti jáde. Ìmọ̀ ti wà láyé, kò kàn tíì dé ilé ìbùsùn wa ni.

Orúkọ tó ń ṣini lọ́nà

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan kú sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀n. Pituitary rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, oògùn tó ń rọ́pò vasopressin ló fi ń gbé ayé. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, wọn kò fún un ní oògùn náà. Òùngbẹ gbẹ ẹ́ débi pé ó fi fóònù pe ọlọ́pàá láti orí ibùsùn pé kí wọ́n wá fún òun lómi. Ọlọ́pàá dé, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ikú rẹ̀ ní 2012 fi hàn pé àìtó omi ara ló pa á, àti pé àìbìkítà dá kún un.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà lára ohun tó ń da irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti gbọ́ diabetes, ṣúgà ni ọkàn rẹ̀ ń lọ bá. Nítorí èyí, ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ họ́mọ̀nù láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè gbà pé kí wọ́n yí orúkọ insipidus padà. Wọ́n ní kí wọ́n máa pe oríṣi kìíní ní àìtó vasopressin, kí wọ́n sì máa pe ìkejì ní àìgbọ́ràn sí vasopressin. Láti 1794 dé 2022, ó lé ní ọgọ́rùn-ún méjì ọdún tí orúkọ kan fi bo àìsàn méjì mọ́lẹ̀.

Àwa ńkọ́? Àṣìṣe kan náà là ń ṣe. Lórí rédíò, nínú ọjà, nínú mọ́tò, àtọ̀gbẹ ti di ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá ń tọ̀ jù, wọ́n á ní kó má jẹ ìrẹsì mọ́, kó máa mu omi ewúro. Bẹ́ẹ̀ a ní ọ̀rọ̀ méjì tó dáa! Ìmọ̀ràn mi ni pé ká jẹ́ kí àtọ̀gbẹ máa jẹ́ orúkọ ohun tí ojú rí, ìyẹn kí èèyàn máa tọ̀ kó máa gbẹ, ohun yòówù kó fà á. Ká wá fi ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀ fún èyí tí ṣúgà wà nínú rẹ̀ nìkan. Tí ẹnì kan bá ní àtọ̀gbẹ, ìbéèrè tó kàn ni: irú èwo? Ṣúgà ni, ọpọlọ ni, àbí kíndìnrín? Àyẹ̀wò ló máa dáhùn.

Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ tó ń tọ̀ sílé ló ní àìsàn o. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní nǹkan kan, wọ́n á dàgbà kúrò nínú ẹ̀. Mi ò sì sọ pé kí gbogbo aláìsàn máa mumi bó ṣe wù ú, torí àwọn kan wà tí dókítà fúnra rẹ̀ á ní kí wọ́n dín in kù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tó bá ń tọ̀ jù, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ débi pé ó ń jí omi mu, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́.

Ìdílé ìsàlẹ̀ ilé wa gbé ọmọ wọn lọ. Kò sí ṣúgà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ìwé jẹ́nótáìpù tí wọ́n ti gbà ní ibì kan nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ sọ pé AS ni; èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì báyìí sọ pé SS. Ìyá rẹ̀ wá rántí pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nígbà tó tó ọmọ ọdún kan, tí wọ́n ní òtútù ni. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn mi, kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Dádì, èmi ni mò ń fi ìyà jẹ ẹ́.” Mo sọ ìtàn kọ́kọ́rọ́ mi fún un, èmi tí mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí. Mo ní, “Ìwọ, ọmọ rẹ ṣì wà láàyè. Lọ bu omi fún un.”

Wọ́n ti ń lọ sí kíníkì báyìí. Dókítà ti sọ iye omi tó yẹ kó máa mu lójúmọ́. Ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lálẹ́, rọ́bà wà lórí fóòmù, ìyá rẹ̀ sì ń jí i lẹ́ẹ̀kan lóru kó lè lọ tọ̀. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀dì á ṣì rin. Wọ́n á sá a sóòrùn, á gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di tíṣà àti ọ̀gá ilé ìwé nínú àwọn ọmọ mi, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí jù lọ. Ọ̀rọ̀ owó orí ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá dá wa sí. Ó dàbọ̀ ná.